Kí Àwọn Ọmọ Kọ́kọ́ Wọn Ike Kí Wọ́n Tó Kùn Ún Lọ́dà

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta máa ń múra sílẹ̀ de Àyájọ́ Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ike wá láti ilé. Olùkọ́ á fi gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà sọ ìgò ike di òdòdó, á sín ìdérí rẹ̀ sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì de àlejò pàtàkì. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín ẹ̀bùn, àwọn ọmọ á kọrin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òdòdó àti ìlẹ̀kẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ akólẹ̀, ó di ààtàn.

A kò sọ èyí láti fi bú olùkọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi owó ara wọn ra gọ́ọ̀mù náà. Ohun tó ń dùn wá ni pé àǹfààní ńlá ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òbí tí kò ní ìgò àlòkù nílé á ra ẹlẹ́rìndòdò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ọmọ rẹ̀ má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Ìgò tí wọ́n sì ti kùn lọ́dà, tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ lára, àwọn tó ń ra ike àlòkù kì í fẹ́ ẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tí wọ́n ṣe láti dín ike kù ṣe wá ń dá kún un. Ọmọ náà kò sì mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ: ó ti gbọ́ pé ike kò dára, ó sì ti kọrin nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà kọ́ ló burú. Ohun tó burú ni pé òun nìkan ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èrò wa ni pé sáyẹ́ǹsì ni kó ṣáájú, kí iṣẹ́ ọnà tẹ̀lé e, kí méjèèjì sì jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ yóò fọwọ́ ara wọn ṣe fún odidi táàmù.

Ẹ wo ohun tí abọ́ omi kan lè kọ́ ọmọ. Kí olùkọ́ gé ìgò omi oníke sí wẹ́wẹ́, kó gé ìdérí rẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Kó tó da ohunkóhun sínú omi, kó bi àwọn ọmọ léèrè: èwo ni yóò léfòó, èwo ni yóò rì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ pé méjèèjì ni yóò léfòó, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ìgò tó ń léfòó nínú gọ́tà. Kó wá dà wọ́n sínú abọ́. Èyí tí wọ́n gé lára ìdérí yóò dúró sójú omi. Èyí tí wọ́n gé lára ìgò yóò rì lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ariwo á ta nínú kíláàsì. Ọmọ kan á ti ọwọ́ bọ omi, á mú un jáde, á tún sọ ọ́ sí i láti wò ó bóyá ó kàn ṣèèṣì ni. Yóò tún rì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò, èyí tí wọ́n ń pè ní PET, wúwo ju omi lọ. Bí omi kan bá wọn gíráàmù 1, PET tó bá a dọ́gba ní títóbi yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 1.38. Irú ike mìíràn ni ti ìdérí, ó sì fúyẹ́ ju omi. Ìgò tí a ń rí tó ń léfòó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e dúró. Bí ìdérí bá ti yọ tí omi sì kún inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní tirẹ̀ fúyẹ́ ju omi, òun ló ṣe máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi títí yóò fi kó sẹ́nu afárá.

Ọmọ tó bá ti fojú rí èyí ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀: ike tí a ń rí lójú ọ̀sà Èkó kì í ṣe gbogbo ike tó wà nínú ọ̀sà Èkó. Àwọn kan wà nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀ tí ẹja ti ń wá oúnjẹ jẹ, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àwọ̀n kó jáde. Kò sí ìwàásù tó lè gbin ìyẹn sọ́kàn ọmọ bí abọ́ omi náà ṣe gbìn ín.

Kí olùkọ́ wá bu iyọ̀ sínú omi náà, kó máa rò ó títí iyọ̀ kò fi ní yọ́ mọ́. Àwọn ike líle kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síbí àjẹsọnù, tó ti rì nínú omi lásán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀ wá sókè. Èyí kì í ṣe eré ọmọdé. Ọ̀nà tí Richard Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà nìyẹn láti ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára yanrìn etí òkun, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004, èyí tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa èérún ike tí ojú kì í tètè rí. Ohun tí wọ́n fi ya ike náà sọ́tọ̀ kò ju omi àti iyọ̀ lọ. Ọmọ Badagry lè ṣe é. Ọmọ tó ń gbé nítòsí etí òkun Ẹlẹ́gùṣì lè bu yanrìn sínú ike bọ́tà àtijọ́ lọ sílé ìwé, kó sá a gbẹ, kó dà á sínú omi iyọ̀, kó sì máa wo ohun tó léfòó. Àwọn kan nínú rẹ̀ yóò jẹ́ ewé gbígbẹ. Kó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò: ewé á fọ́, ike kò ní fọ́. Èyí tí kò bá tó mìlímítà 5 nínú àwọn ike náà ni àwọn onímọ̀ ń kà kún èérún ike. Kí ọmọ kọ iye tó rí sínú ìwé rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti bu yanrìn náà, kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè lọ bu òmíràn níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn abọ́ omi, ó kan ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, kí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́ta sẹ́yìn kíláàsì. Kí wọ́n bo ewé eéran tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín mọ́lẹ̀ nínú ọ̀kan, ìwé ìròyìn nínú èkejì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú ẹ̀kẹta, kí wọ́n sì fi igi sàmì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n hú u. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ewé á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilẹ̀, ìwé á ti jákùn. Ọ̀rá náà, bí wọ́n bá fi omi ṣàn án, wọn yóò ṣì lè ka nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀.

Níbi ihò mẹ́ta yẹn ni a fẹ́ kí olùkọ́ ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìran wa. Àwọn ìyá wa àgbà fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n fi ewé di iyọ̀, igbá ni wọ́n fi ń bu omi mu. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ tán, wọ́n ju ewé síta. Ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀, ìyókù jẹrà, àgbàdo hù lórí rẹ̀. Jíjù tí wọ́n ń jù ú kò pa ẹnikẹ́ni lára. A wá jogún àṣà jíjù náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wa ti yí padà. Ẹni tó ju ọ̀rá láti ojú fèrèsé dánfó lónìí, ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe gan-an ló ń ṣe, àfi pé ewé kọ́ ni. Ó dá wa lójú pé àlàyé yìí yé ọmọ Yorùbá ju kí wọ́n máa pè é ní ọ̀bùn lọ. Ìwà ọ̀bùn kọ́ ló bí gbogbo rẹ̀. A pààrọ̀ ẹrù, a kò pààrọ̀ ọwọ́ tí a fi ń gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní ilé ìwé kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mu píọ̀ wọ́tà ẹyọ kan lójúmọ́. Ọ̀rá 2,500 nìyẹn lọ́sẹ̀. Nínú táàmù ọlọ́sẹ̀ méjìlá, ó di 30,000. Òṣùwọ̀n kì í sábà gbé ẹyọ ọ̀rá kan, ó fúyẹ́ jù, nítorí náà kí àwọn ọmọ fọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rá, kí wọ́n sá a, kí wọ́n yá òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta ẹja dídì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n pọ̀, kí wọ́n sì fi 100 pín in. Ìṣirò nìyẹn, sáyẹ́ǹsì sì ni pẹ̀lú. Kí wọ́n tún ka iye tó dé inú garawa ìdọ̀tí àti iye tó wà nílẹ̀ pápá. Lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n gbé garawa náà súnmọ́ ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ, kí wọ́n tún kà á. Bí iye tó wà nílẹ̀ bá dín kù, wọ́n ti ṣàwárí nǹkan nìyẹn tí kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ lè lò. Bí kò bá dín kù, ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni. A bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ kankan ti ọwọ́ bọ gọ́tà nítorí iṣẹ́ yìí. Ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ tó yẹ kó gbé ka iwájú bó ṣe ń ka ọ̀rá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ẹ̀mí tó lọ sí i lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú kan náà. Kí olùkọ́ má purọ́ fún wọn pé ike ló fa ti 1980. Píọ̀ wọ́tà kò tíì dé nígbà náà. Òjò ńlá ni, pẹ̀lú pàǹtí tí wọ́n dà sódò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi. Pàǹtí tó ń jẹrà nìyẹn o, síbẹ̀ ó dí odò. Èyí tí a ń dà sí i lónìí kì í jẹrà.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọnà ti wá wúlò, nítorí nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹni tó gbọ́ 2,500 kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá so ọ̀rá ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ra bí aṣọ ìkélé, tí wọ́n sì ta á sí ibi tí gbogbo ilé ìwé ti ń tò láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tí kò ní gbé ojú sókè. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò bí yóò ṣe fẹ̀ tó kí wọ́n tó so ó, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìṣirò wọn péye. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ta sókè yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan nínú ìgbésí ayé ilé ìwé wọn ni.

Àwòkọ́ṣe kò sì jìnnà sí wa. Ní Ìbàdàn, Adéjọkẹ́ Làsísì, ọmọ ìdílé ahunṣọ tó dá Planet 3R sílẹ̀, ń fọ ọ̀rá omi, ó ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń hun ún bí wọ́n ṣe ń hun òwú, ó ń fi ṣe báàgì àti àwọn nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ti ń ṣe láti ìrandíran ló fi kojú wàhálà tuntun. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Eugene Konboye ń ṣa sílípáàsì tí àwọn ènìyàn ti sọ nù, ó ń gé e, ó ń to àwọ̀ pọ̀ títí ojú ènìyàn yóò fi hàn kedere. Kí ilé ìwé pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá, tàbí kó kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó bá jókòó ti òfì fún wákàtí kan, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọ̀rá mọ́ra, yóò mọ bí ọ̀rá náà ṣe le tó, yóò mọ̀ pé kì í já bọ̀rọ̀, yóò sì mọ ìdí tí inú màlúù tó gbé e mì kò fi lè lọ̀ ọ́.

A ní àṣẹ mẹ́ta fún iṣẹ́ ọnà náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ike tuntun fún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ike tàbí kó yọ́ ọ lórí iná nílé ìwé, nítorí èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọmọdé ló sì tètè ń pa lára. Kí wọ́n sì so ó tàbí kí wọ́n hun ún. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n so, wọ́n lè tú u lẹ́yìn ìpàtẹ, kí àwọn tó ń ra ike àlòkù gbé e lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ àádọ́rin ló wà nínú kíláàsì kan, pé kò sí yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì. A mọ̀. Ìdí tí a fi yan abọ́, iyọ̀, ọkọ́ àti òṣùwọ̀n ọjà nìyẹn. Kò sí ilé ìwé ìjọba tí kò lè rí wọn. Ohun tó ṣòro jù ni àkókò. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní pírọ́ọ́dù tirẹ̀, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti àṣà ní tirẹ̀, wọn kì í sì í pàdé. Ọ̀gá ilé ìwé kan ṣoṣo tó bá da pírọ́ọ́dù méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti yanjú rẹ̀, kò náwó kankan.

Ní Ajégúnlẹ̀ nílùú Èkó, Morit International School àti ẹgbẹ́ African Clean-Up Initiative ti ń gba ike àlòkù lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n ń fi owó rẹ̀ dí owó ilé ìwé ọmọ. A yìn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ì bá ti wà nílé ló wà ní kíláàsì nítorí èyí. Ẹ̀bẹ̀ tí a ní fún ilé ìwé tó bá fẹ́ ṣe bíi tiwọn ni pé òbí ni kó máa ṣa ike náà, kí ọmọ máa kàwé. Kí ìwọ̀n ike tó ń wọlé sì di ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń ṣírò, kó má jẹ́ kìkì owó.

Ó ku ti àwa àgbà. Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de ike fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ó sì tún mú òfin náà gbòòrò sí i láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. A fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13,000 ni pàǹtí tí àjọ LAWMA ń sọ pé Èkó ń dá lójúmọ́, píọ̀ wọ́tà àti ìgò ike sì ṣì kún gbogbo ọjà. Àtúnlò nìkan kò lè gbà wá. Ìwádìí tí Roland Geyer àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nínú gbogbo pàǹtí ike tí ayé ti dá títí di 2015, ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n tún lò. Àwọn ìjọba àgbáyé sì tú ká ní Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 láìfẹnukò lórí àdéhùn ike. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí a bá ń kọ́ ọmọ pé kó má ju ọ̀rá sílẹ̀, tí a kò bá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá náà sọ̀rọ̀ nípa ìnáwó kíkó o, a ń rẹ́ ọmọ jẹ ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ yóò bá pàdé bí wọ́n bá ka ọ̀rá wọn dáadáa. Wọn yóò béèrè ìdí tí ilé ìwé wọn fi ń mu píọ̀ wọ́tà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu níbẹ̀. Bí omi bá wà, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ife tàbí ìgò omi tirẹ̀, ọ̀rá 30,000 yẹn kò ní sí rárá.

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ àti ti àyíká ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá: kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sínú táàmù kẹta, nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí wọn yóò ṣe ṣe é, kí ẹ sì gba ìwé tí àwọn ọmọ bá kọ ìwọ̀n wọn sí, kí ẹ kà á, kí ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba lórí abọ́ omi àti iyọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní táàmù yìí. Kànga ẹ̀rọ àti ohun tí yóò sẹ́ omi náà mọ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹ sì máa béèrè rẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ.